Alóre Lójú Òkun: Bí Wọ́n Ṣe Rí Ọkọ̀ Bismarck ní 1941

Àwọn baba wa ní ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ọ̀rọ̀ yìí kúrú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ọgbọ́n tí àwọn ìjọba ńláńlá fi í jagun lójú òkun. Ẹni tí kò tí ì rin òkun rí lè rò pé ìjà ojú omi kò ju ìjà àgbá lọ, pé ọkọ̀ tí àgbá rẹ̀ bá tóbi jù ni yóò ṣẹ́gun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkun gbòòrò, ọkọ̀ sì kéré. Ọkọ̀ tí ó gùn tó òpópónà kan nínú ìlú, bí ó bá dé àárín agbami, bí èèrà lórí ẹní ni. Kí a tó bá a jà, a ní láti rí i. Bí a bá sì rí i tán, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ wa lójú. Iṣẹ́ alóre nìyí, òun ni a sì fẹ́ fi ìtàn kan ṣàlàyé fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí máàpù bá wà nínú ilé, ẹ pe àwọn ọmọ jọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n máa fi ìka tọ ọ̀nà náà bí a ti ń bá ìtàn lọ.

Ní ọdún 1941, ogun ńlá ayé ẹlẹ́ẹ̀kejì ti wọ ọdún kejì. Erékùṣù ni ilẹ̀ Bìrìtéènì; púpọ̀ nínú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ àti gbogbo epo tí ọkọ̀ wọn ń lò, ojú òkun ni ó ń gbà wọlé. Nítorí náà ni àwọn ọkọ̀ oníṣòwò ṣe ń rìn ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, tí ọkọ̀ ogun sì ń sìn wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ wa pẹ̀lú, nítorí àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹ̀kùrọ́, epo pupa àti kòkó láti Èkó a máa lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni wọn a gbé dúró de ara wọn kí wọ́n tó jùmọ̀ kọjá sí òkè òkun. Láti dọdẹ irú àwọn ọ̀wọ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú òkun Àtìláńtíìkì ni àwọn ará Jámánì ṣe rán ọkọ̀ Bismarck jáde. Ọkọ̀ tuntun ni. Nígbà tí ẹrù rẹ̀ bá pé, ó wúwo ju 50,000 tọ́ọ̀nù lọ. Àgbá ńlá 8 ni ó gbé, tí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 15. Àwọn ọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀ sì tó 2,200. Admiral Günther Lütjens ni olórí wọn, ọkọ̀ ogun kejì tí a ń pè ní Prinz Eugen sì bá a rìn. Bí ẹranko ńlá yìí bá lè bọ́ sínú agbami láìsí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà, ta ni yóò gba àwọn ọkọ̀ oníṣòwò lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 sí òru mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ni àwọn ọkọ̀ méjèèjì ṣí kúrò ní Gotenhafen, èbúté tí àwọn ará Pólándì ń pè ní Gdynia. Ní ọjọ́ 20, ọkọ̀ ogun Swídìn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gotland rí wọn bí wọ́n ti ń kọjá. Swídìn kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú ogun náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í fẹ́ gbé inú. Ìròyìn náà dé etí Captain Henry Denham, aṣojú ọmọ ogun ojú omi Bìrìtéènì ní Stockholm, kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ó tó ta wáyà sí London. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Michael Suckling, fi ọkọ̀ òfúrufú Spitfire fò kọjá lókè réré lórí èbúté Bergen ní ilẹ̀ Nọ́wè. Ọkọ̀ náà kò gbé ìbọn kankan. Ẹ̀rọ ayàwòrán ni wọ́n dè mọ́ ọn. Nínú omi òkun tí ó wọ àárín òkè lẹ́bàá Bergen, ó rí ọkọ̀ ńlá méjì, ó yà wọ́n, ó sì padà sílé. Nígbà tí wọ́n fọ àwòrán náà, wọ́n mọ̀ pé Bismarck ni. Wọ́n ní kí Suckling tìkára rẹ̀ gbé e lọ sí London. Epo ọkọ̀ rẹ̀ tán lójú ọ̀nà lẹ́bàá Nottingham. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ ilẹ̀ parí ìrìn náà nínú òkùnkùn òru. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Keje, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ sẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà, kò sì padà bọ̀ mọ́.

Níhìn-ín ni ohun kan gbé wà tí a kò fẹ́ kí ẹ fojú fò. Ní ọjọ́ 22, kùrukùru bo òkun láti Bìrìtéènì títí dé Nọ́wè. Àwọn ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n rán lọ wò, òfo ni wọ́n mú bọ̀. Olórí ogun ojú omi Bìrìtéènì, Admiral John Tovey, wà ní Scapa Flow pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, kò sì mọ èyí tí yóò ṣe. Bí ó bá jáde lójú àìtó, epo rẹ̀ yóò jó dànù. Bí ó bá sì dúró pẹ́ jù, ẹran yóò ti bọ́ sínú igbó. Ní Hatston, ní erékùṣù Orkney, Commander Geoffrey Rotherham àti àwọn mélòó kan yọ̀ǹda ara wọn láti lọ. Ọkọ̀ òfúrufú tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju fífa àmì tí àwọn ọmọ ogun fi í kọ́ ìbọn yínyìn ni wọ́n wọ̀. Wọ́n fò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbì, kí wọ́n lè rí omi kí wọ́n sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ. Wọ́n dé ibi tí Suckling gbé ya àwòrán, wọ́n wo inú rẹ̀, kò sí nǹkan. Wọ́n kọjá sórí Bergen láti wò ó dájú, ìbọn sì ń dún lábẹ́ wọn bí àgbàdo tí ń ta nínú ìkòkò. Kò sí ọkọ̀ ńlá kankan níbẹ̀. Wọ́n fi wáyálẹ́ẹ̀sì pe ibi tí a ti yàn fún wọn, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ẹni tí ń ta wáyà náà bá yí i sí ọ̀nà mìíràn tí àwọn ará Hatston máa ń gbọ́, ó sì sọ fún wọn pé àwọn ọkọ̀ náà ti lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Tovey gbéra. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìròyìn pé a kò rí nǹkan ni ó gbé gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí dìde. Ẹni tí ó lọ, tí ó wò dáadáa, tí ó sì padà wí pé òun kò bá a níbẹ̀, ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ tí ó ń sọ pé kò sí nǹkan, òun ni apanirun.

Ẹ jẹ́ kí ìka yín gòkè lọ sí ìhà àríwá, sí ojú omi tóóró tí ó wà láàárín Aísílándì àti Girinilándì. Yìnyín dí apá kan rẹ̀, àdó olóró tí Bìrìtéènì rì sínú omi sì dí apá kejì; ọ̀nà tí ó kù kò fẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ogun méjì, Suffolk àti Norfolk, gbé ń ṣe alóre. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23, ní nǹkan bí agogo méje kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́nà lórí Suffolk fi ojú ara rẹ̀ rí Bismarck bí ó ti yọ láti inú kùrukùru. Àwọn ọkọ̀ alóre wọ̀nyí kò lè dúró bá a jà, nítorí ọta kan ṣoṣo láti inú àgbá Bismarck tó láti ba ti wọn jẹ́. Wọ́n sá pamọ́ sínú kùrukùru, wọ́n sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, rédà wọn sì ni ojú wọn. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, rédà ni ẹ̀rọ tí í ju ìgbì kan tí a kò lè fojú rí síwájú. Bí ìgbì náà bá kan ohun tí ó le bí irin ọkọ̀, a ta padà, ẹ̀rọ a sì fi bí ohun náà ti jìnnà tó hàn, ìbáà ṣe òru, ìbáà ṣe inú òjò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24, ọkọ̀ Hood àti ọkọ̀ Prince of Wales pàdé Bismarck gẹ́gẹ́ bí àwọn alóre ti júwe. Láti ọdún 1920 ni Hood ti ń ṣiṣẹ́, òun sì ni ọkọ̀ tí àwọn ará Bìrìtéènì fi ń yangàn jù. Ìjà náà kò tí ì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọta Bismarck fi wọ inú rẹ̀. Ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù sí gbiná, ọkọ̀ ńlá náà là sí méjì, ó sì rì. Nínú ọkùnrin 1,418 tí ó wà nínú rẹ̀, mẹ́ta péré ni ó yè. Ẹ ro iye ilé tí ẹkún wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí Prince of Wales tó yẹra, ọta tirẹ̀ ti lu Bismarck, epo sì ń ṣàn jáde lára rẹ̀. Lütjens rí i pé òun kò lè dọdẹ mọ́. Ó ní kí Prinz Eugen máa dá lọ, òun sì kọrí sí ilẹ̀ Faransé, tí ó wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà náà, láti lọ tún ọkọ̀ ṣe.

Àwọn alóre ṣì ń tẹ̀lé e. Nítorí ẹ̀rù ọkọ̀ abẹ́ omi, Suffolk kì í rìn gbọnrangandan. Yóò yà sọ́tùn-ún, yóò yà sósì. Bí ó bá yà síhà kan, Bismarck a bọ́ mọ́ rédà rẹ̀ lójú. Bí ó bá yà padà, a tún rí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí ó fi mọ́ wọn lára. Ní òru ọjọ́ 25, lẹ́yìn agogo mẹ́ta díẹ̀, Suffolk yà padà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì rí nǹkan mọ́. Bismarck ti yí po, ó ti gba ẹ̀yìn wọn kọjá.

Ohun ìyanu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tí ó bọ́ kò mọ̀ pé òun ti bọ́. Ẹni tí ó bá fi àtùpà rìn lóru yóò mọ ìdí rẹ̀: àwọn tí ó wà lókèèrè réré a rí iná rẹ̀, ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ kò lè rí ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà mọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni rédà rí. Bismarck ní ẹ̀rọ tí ó fi ń gbọ́ ìgbì rédà àwọn ọ̀tá. Ó ṣì ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì náà kò lágbára mọ́ láti ta padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rán an. Lütjens rò pé ojú ṣì wà lára òun. Nítorí náà, ní òwúrọ̀, ó ta wáyà gígùn kan sí ilé, ohun tí ẹni tí ó sá pamọ́ kì í ṣe. Àwọn ará Bìrìtéènì gbọ́ ohùn wáyà náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ìhà ibi tí ó ti ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fa ìlà rẹ̀ sórí máàpù nínú ọkọ̀ Tovey, wọ́n fà á lòdì. Ìlà náà gbé ọkọ̀ ọ̀tá lọ sí àríwá jù, Tovey sì fi ọ̀pọ̀ wákàtí lépa òjìji. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tí í tú àrokò ogun ní Bletchley tú ọ̀kan tí ó fi hàn pé èbúté Brest ní Faransé ni Bismarck ń lọ. A mọ ibi tí ó ń lọ nígbà náà. Ibi tí ó wà gan-an ni a kò mọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 26, ọkọ̀ òfúrufú Catalina méjì gbéra láti Lough Erne ní àríwá Ayálándì. Irú èyí tí í bà lójú omi ni wọ́n, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, wọ́n sì lè wà lókè láti òwúrọ̀ di alẹ́. Frederick Bowhill, ẹni tí ó ti jẹ́ atukọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ni ó ní kí wọ́n wo ìhà gúúsù ju bí àwọn yòókù ti rò lọ, nítorí ọ̀nà tí atukọ̀ yóò tọ̀ ni ó fi òye rẹ̀ wò. Dennis Briggs ni ọ̀gá nínú ọ̀kan nínú àwọn Catalina náà, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Leonard Smith, sì jókòó tì í. Amẹ́ríkà kò tí ì wọ ogun nígbà náà, nítorí náà a kò sọ ọ́ síta pé ó wà níbẹ̀. Ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí méje tí wọ́n ti ń wo omi lásán, Smith rí ohun dúdú kan níwájú. Wọ́n wọ inú ìkùukùu kí wọ́n lè sún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n jáde, orí ọkọ̀ náà ni wọ́n bọ́ sí tààrà, ìbọn sì bò wọ́n. Ihò wà lára ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wáyà ti lọ. Ó ti ju wákàtí 31 lọ tí ẹnikẹ́ni ti rí Bismarck kẹ́yìn. Nǹkan bí 700 máìlì ni ó kù kí ó dé Brest. Bí ọjọ́ kan bá tún kọjá, ìbá ti bọ́ sábẹ́ ààbò àwọn ọkọ̀ òfúrufú Jámánì.

Tovey jìnnà lẹ́yìn, epo rẹ̀ sì ń tán lọ. Ọkọ̀ Ark Royal tí ń bọ̀ láti Gibraltar nìkan ni ó lè dá Bismarck dúró, nípa àwọn ọkọ̀ òfúrufú Swordfish tí ó gbé, tí aṣọ ni wọ́n fi bo ìyẹ́ wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà wọ́n fò lọ, wọ́n rí ọkọ̀ ńlá kan nísàlẹ̀ ìkùukùu, wọ́n sì ju tọ̀pídò sí i, èyíinì ni ohun ìjà tí ń gba inú omi lọ bí ẹja tí ó sì ń bú lára ọkọ̀. Áà! Sheffield ni, ọkọ̀ tiwọn, tí a ti rán síwájú láti máa ṣọ́ ọ̀tá. Wáyà tí ìbá sọ fún wọn pẹ́ kí ó tó dé. Ọpẹ́ ni pé àwọn kan nínú tọ̀pídò náà bú kí wọ́n tó dé ara ọkọ̀, Sheffield sì yẹ àwọn tí ó kù. Láti inú àṣìṣe yìí wọ́n mọ̀ pé ohun tí ń mú kí tọ̀pídò wọn bú kò dára, wọ́n sì fi irú mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ wọ́n tún lọ, tọ̀pídò kan sì bà ìtọ́kọ̀ Bismarck jẹ́. Ọkọ̀ tí ó ju 50,000 tọ́ọ̀nù lọ ń yí po lójú kan bí afọ́jú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27, àwọn ọkọ̀ Tovey yí i ká, nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí agogo mọ́kànlá lù, ó rì.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ Jámánì ni ó wà lójú omi náà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo àti ìgbì. Ọkọ̀ Dorsetshire àti Maori ju okùn sí wọn, wọ́n sì ń fà wọ́n gòkè, nítorí ẹni tí ó bá ń rì kì í ṣe ọ̀tá mọ́. Lójijì ni àwọn tí ń ṣọ́nà lórí Dorsetshire rí ohun kan lókèèrè tí wọ́n fura sí pé ọkọ̀ abẹ́ omi ni. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n máa lọ, kí òun má baà pàdánù ọkọ̀ òun àti gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi àwọn tí ó kù sílẹ̀, okùn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Nínú ọkùnrin 2,200, 115 péré ni a gbà là. Àwa kò dá ọ̀gá ọkọ̀ náà lẹ́bi. Ẹni tí ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè fi ìfura ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ alóre ti wúwo tó: igbe kan láti ẹnu ẹni tí ó rí nǹkan ní ojú kan, ó ya àwọn tí yóò yè kúrò lára àwọn tí yóò kú.

Ẹ̀yin òbí, kí ni a rí kọ́ níbẹ̀ fún ilé wa? Àgbá ni ó ṣẹ́gun Bismarck, ṣùgbọ́n ojú ni ó mú àgbá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú náà kì bá sì wúlò bí kò bá sí ẹnu tí ó sọ òtítọ́ láìfi àkókò ṣòfò. Ibi tí wọ́n gbé fa ìlà lódì, wọ́n ṣáko. Ibi tí wáyà gbé pẹ́, arákùnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ pa arákùnrin. Ibi tí ẹnìkan gbé ní ìgboyà láti wí pé òun kò bá ohun tí a wá, ibẹ̀ ni a gbé rí ọ̀nà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín, nígbà tí ẹ bá rán wọn sí ọjà tàbí sí ilé ẹ̀gbọ́n, pé kí wọ́n dé ibẹ̀ ní tòótọ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n má ṣe sọ èyí tí wọ́n rò pé a fẹ́ gbọ́.

Ọ̀ràn yìí kò sì parí pẹ̀lú ogun náà. Ní 1943 irú àwọn ọkọ̀ òfúrufú tí í bà lójú omi wà ní Àpápá, tí wọ́n ń ṣọ́ òkun wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ìjọba Nàìjíríà ṣí ètò tuntun kan ní Èkó, tí ó ní ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfúrufú àti àwọn ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní awakọ̀ nínú, láti máa ṣọ́ òkun lọ́wọ́ àwọn olè. Àjọ International Maritime Bureau ka ìkọlù 81 sí àwọn ọkọ̀ ní òkun ìhà ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Gulf of Guinea, ní ọdún 2020. Ní 2021 ó di 34. Ìdí rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹyọ kan, nítorí àwọn ọkọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olè kì í fẹ́ jà níbi tí ó mọ̀ pé ojú wà. Nígbà tí ẹ bá dé etí òkun, tí ẹ sì rí ọkọ̀ tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, ẹ rántí pé ẹnìkan wà níbìkan tí kò sùn, tí ń wo omi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ilé ó tòrò o.